Ojú Tó Rí Aṣálẹ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ọgbẹ́ Ọkàn Àwọn Tó Ti Líbíà Bọ̀ àti Àwọn Tó Ń Wá Ibi Ìsádi

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń jókòó ti àwọn ọmọ wa tí bàálù kó dé láti Líbíà. Mo sì máa ń gba ìpè lọ́dọ̀ àwọn tó wà nílùú ọba tí ìwé wọn ò tíì jáde. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí, àwọn àti ẹbí wọn. Mo kó ìdáhùn wọn jọ síbí.

Kí lẹ̀ ń pè ní ọgbẹ́ ọkàn?

Ohun tó ń kù nínú èèyàn lẹ́yìn tí ewu ti kọjá ni. Ẹni tí wọ́n tì mọ́lé ní Sabha, ìlú kan ní gúúsù Líbíà, tí wọ́n ń nà án kí ẹbí rẹ̀ lè fowó ránṣẹ́, ẹni tó rí i tí èèyàn já bọ́ lẹ́yìn ọkọ̀ nínú aṣálẹ̀ tí awakọ̀ ò dúró, ẹni tó gbọ́ igbe àwọn tó ń rì: ara wọn ti kúrò níbẹ̀, ọkàn wọn ò tíì kúrò. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún un tipẹ́. Bí ẹnì kan bá ní "ojú mi rí nǹkan", ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ìran ló ń sọ. Ìyà tó wọ egungun ló ń sọ.

Èyí tó le nínú rẹ̀ làwọn dókítà ń pè ní PTSD. Ọdún 1980 ni àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ orúkọ yẹn sínú ìwé wọn, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun wọn ti ogun Vietnam bọ̀. Àmọ́ kì í ṣe òun nìkan la máa ń rí. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wà níbẹ̀, àìróorunsùn wà níbẹ̀, ọ̀fọ̀ ẹni tí wọn ò rí òkú rẹ̀ sin náà wà níbẹ̀.

Ṣé wèrè ni?

Rárá. Ẹni tó ní ọgbẹ́ ọkàn mọ orúkọ ara rẹ̀, ó mọ ọjọ́ òní, ó mọ̀ pé Ìbàdàn lòun wà. Ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ni pé ó ń rántí jù, àti pé ìrántí náà kì í tọrọ àyè kó tó wọlé.

Àwọn díẹ̀ wà tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, tàbí tó gbà pé wọ́n ń lépa òun títí dé inú yàrá. Àìsàn nìyẹn náà, ó sì ní ìtọ́jú. Ẹ má pe èyíkéyìí nínú wọn ní wèrè létí ara wọn.

Ṣé kì í ṣe àìsàn òyìnbó? Àwọn bàbá wa ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ wo Aro l'Abẹ́òkúta tí gbogbo wa ń dárúkọ. Ọdún 1944 ló bẹ̀rẹ̀, ní Láńtòrò, àwọn ọmọ ogun tó ti Ogun Àgbáyé Kejì bọ̀ pẹ̀lú ọkàn tó dàrú sì wà lára àwọn tí wọ́n torí wọn dá a sílẹ̀. Ọmọ wa ni wọ́n, wọ́n fi ilé sílẹ̀ lọ ja ogun tí kì í ṣe tiwọn.

Ọgbẹ́ ìṣíkiri náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sáàárín wa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n gbà tàbí kí wọ́n lọ. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti ọ̀pọ̀ ìlú wa mìíràn tí wọ́n ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ayé bàbá wọn fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, wọ́n fi gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n gun lọ́rì bọ̀ wá sílé tí àwọn ọmọ wọn ò mọ̀ rí. Ẹ bi àwọn tó wà láyé nínú wọn. Wọ́n á sọ fún yín nípa ẹni tó dé tí kò tún rẹ́rìn-ín mọ́, àti ẹni tó ń ka owó tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ títí tó fi kú. Orúkọ nìkan ni kò ní.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti kọjá àárẹ̀ ìrìnàjò?

Ẹ wo ibi tó ń jókòó sí. Mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni àga rẹ̀ máa ń wà, á fẹ̀yìn ti ògiri, bàtà kì í sì í kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, títí kan orí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá rẹ̀ ní ìgbéraga ni, pé ilẹ̀ ilé àwọn ò dáa tó fún un mọ́. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní níbi tí wọ́n tì wọ́n mọ́, ẹni tí kò bá wọ bàtà nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí kì í lè sá.

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Á máa ta gìrì lójú oorun, á máa lá àlá kan náà. Kò ní fẹ́ gba ibi tí èrò pọ̀ sí, kò sì ní fẹ́ gbọ́ èdè Lárúbáwá lórí tẹlifíṣàn. Ìbínú rẹ̀ á yá, lẹ́yìn náà á sunkún. Ẹlòmíì kì í bínú, kì í sunkún: á ní òun ò mọ nǹkan kan lára mọ́, àní nígbà tó gbé ọmọ òun gan-an. Irú ẹni tó dákẹ́ bẹ́ẹ̀ ló máa ń bà mí lẹ́rù jù, torí ilé á rò pé ara rẹ̀ ti balẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe ìgbà láti dájọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ta gìrì tó sì máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá ti lé lóṣù kan tí kò dínkù, tó ń dí oúnjẹ, oorun tàbí iṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ wá ìtọ́jú.

Ó la aṣálẹ̀ já. Kí ló dé tí ariwo jẹnẹrétọ̀ wá ń bà á lẹ́rù?

Àwọn àgbà ní ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Òótọ́ ni, fún ẹni tó rí òkun tó sì padà sí èbúté ní àlàáfíà. Ẹni tí òkun gbé mì tó tún pọ̀ ọ́ sílẹ̀, omi inú bàsíà tó láti já a láyà.

Ọpọlọ wa ní ibì kan tó dà bí ọdẹ àdúgbò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fọn fèrè bí ewu bá dé. Lẹ́yìn tí olè bá ti ja àdúgbò náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọdẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè fún ewúrẹ́, fún ìjì, fún ẹni tó ń lọ tọ̀ lóru. Kò ya òmùgọ̀, iṣẹ́ ló ń ṣe, ó kàn jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò tíì bá a sọ ọ́ kó yé e pé olè ti lọ. Ìtọ́jú tí à ń ṣe, bíbá ọdẹ yẹn sọ̀rọ̀ ni.

Ṣé gbogbo ẹni tó bá gba ọ̀nà yẹn ló máa ń ní in?

Rárá o. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ ní 2019 pé láàárín àwọn tó ń gbé níbi tí ogun ti jà, nǹkan bí ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àìsàn ọkàn kan tàbí òmíràn: ẹnì kan nínú márùn-ún. Àwọn tó kù ń banújẹ́, wọn ò sùn dáadáa, àmọ́ wọ́n ń gbéra díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n bá rí oúnjẹ, ibùsùn, iṣẹ́ àti ẹni tó gbà wọ́n gbọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà nìkan ló ń fà á?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí ẹbí kà lẹ́ẹ̀mejì. Ìyà ọ̀nà pọ̀: Agadez ní orílẹ̀-èdè Niger, Sabha, gẹ́tò tí àwọn bọ́gà, àwọn tó ń gbowó kó èèyàn kọjá, ń tì wọ́n mọ́, àwọn Asma Boys, ọmọ ìta tó ń jí aṣíkiri gbé, ní ìgboro Tripoli, lẹ́yìn náà ọkọ̀ oníróbà tí wọ́n ń pè ní lapa-lapa. Nígbà tí fídíò títà èèyàn lọ́jà jáde ní oṣù kọkànlá 2017, gbogbo ayé pariwo, àmọ́ àwọn tó ti ibẹ̀ bọ̀ sọ fún mi pé àwọn ti mọ ọjà náà tipẹ́.

Síbẹ̀, mo ti rí ẹni tó fara da gbogbo ìyẹn tó jẹ́ pé ilé ló wá fọ́ ọ. Bàbá ti ta ilẹ̀. Ìyá ti gba owó àjọ, ó ti yá owó kún un. Ọmọ dé pẹ̀lú àpò ọ̀rá kan, ojú àdúgbò wà lára rẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ tó dúró sílé ti ní kẹ̀kẹ́ Márúwá méjì. Àwọn tí àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ aṣíkiri, IOM, ń kó bọ̀ láti 2017, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń já ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ni wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé bóun ṣe rí ibi tí wọ́n gbé àwọn sọ̀ sí, òun ti mọ ohun tí ilé máa pe òun.

Bó ṣe rí nílùú ọba náà nìyẹn. Ẹni tó ń wá ibi ìsádi kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn oṣù 12 tí ìdáhùn ò bá dé ló tó lè tọrọ àyè, iṣẹ́ tó sì lè ṣe ò pọ̀. Ní 2024, £49.18 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fún ẹni tí wọn ò bá bọ́ níbi tó ń gbé. Kó máa jókòó nínú yàrá kan pẹ̀lú àwọn tí kò mọ̀ rí, kó máa dúró de lẹ́tà: ìdúró yẹn gan-an ń dá ọgbẹ́ tuntun sórí ti àtijọ́.

Ọmọ wa ń bọ̀ lọ́la. Kí la máa sọ fún un?

Ẹ kí i ní "ẹ kú ewu". Kíkí yẹn tó. Ó ti sọ pé ewu wà, ó ti sọ pé inú yín dùn pé ó yè é.

Ẹ má bi í pé kí ló mú bọ̀. Ẹ má sọ̀rọ̀ owó lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ má mú un lọ síwájú ìjọ lọ́jọ́ Àìkú kó wá jẹ́rìí. Ẹni tó bá fẹ́ dúpẹ́ á sọ fún yín nígbà tó bá yá. Ẹ gbé omi gbígbóná sílẹ̀ fún un, oúnjẹ tó fẹ́ràn, ibi tó lè sùn tó lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má ti ẹ̀yìn fọwọ́ kàn án. Bó bá ń sùn, ẹ dúró lọ́ọ̀ọ́kán kí ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ má mì í.

Ó ti pé oṣù mẹ́ta, kò sọ nǹkan kan. Ṣé ká mú un sọ ọ́ jáde kó lè fúyẹ́?

Ẹ má fipá mú un. Nígbà kan, àwọn oníṣègùn gan-an máa ń pe àwọn tí jàǹbá ṣẹlẹ̀ sí jókòó kí wọ́n ro gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n wá rí i pé kò ran èèyàn lọ́wọ́, WHO sì ní kí wọ́n má ṣe é mọ́.

Kó mọ̀ pé etí yín ṣí ni iṣẹ́ yín. Obìnrin kan wà tí kò sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Ọjọ́ tóun àti ìyá ìyá rẹ̀ jọ ń pa ẹ̀gúsí lẹ́yìn ilé ló bẹ̀rẹ̀: ọwọ́ dí, kò sẹ́ni tó ń wo ojú ẹnì kan, èèpo ẹ̀gúsí ń já sílẹ̀. Màmá àgbà náà kò dá a dúró, kò sì pariwo "yéè". Ó ń sọ pé "mò ń gbọ́ ẹ, ọmọ mi", ó ń pa ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Orí ń gbóná mi, nǹkan ń rìn lára mi, àyẹ̀wò ò rí nǹkan kan. Ṣé irọ́ ni mò ń pa?

Irọ́ kọ́. Ọkàn àti ara ò ní ògiri láàárín, pàápàá fún àwa. Orí gbígbóná, nǹkan tó ń rìn lábẹ́ awọ, àyà tó ń já, ọrùn tó gan: ọ̀nà tí ìdààmú ń gbà sọ̀rọ̀ lára ọmọ Yorùbá nìyẹn. Dókítà Raymond Prince, ọmọ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Aro, kọ irú ẹ̀ sílẹ̀ ní 1960 lọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí orí wọn ń gbóná tí wọn ò lè kàwé mọ́.

Bẹ́ẹ̀ bá wà lókè òkun, ẹ sọ ọ́ fún dókítà bó ṣe ń ṣe yín gan-an, kí ẹ wá fi kún un pé: "Láti ìgbà tí nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ sí mi ló ti bẹ̀rẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ò bá fi ìyẹn kún un, parasitamọ́ọ̀lù ni wọ́n á kọ fún yín.

Tramadol nìkan ló ń jẹ́ kí n sùn. Ṣé ó burú?

Ó burú, àmọ́ ẹ má dáwọ́ rẹ̀ dúró lọ́jọ́ kan bó bá ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń lò ó. Ara á gbọ̀n, ọkàn á dàrú, ó sì lè fa gìrì. Ẹ sọ iye tẹ́ ẹ ń lò fún dókítà, ní òótọ́, kó bá yín dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bákan náà ni ọtí àti igbó: wọ́n á gbé oorun wá lálẹ́, wọ́n á sì gbé àlá náà padà wá láàárọ̀.

Wọ́n mú mi búra kí n tó lọ. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ṣé kò ní pa mí?

Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń gbé ẹ̀rù yìí ká. Àwọn tó ń kó wọn lọ sókè òkun gba irun wọn, èékánná wọn, wọ́n fún wọn ní nǹkan mu, wọ́n ní bí wọn ò bá san gbèsè mádàámù tàbí bí wọ́n bá tú àṣírí, orí wọn á dàrú tàbí ìyá wọn á kú. Lẹ́yìn náà, bí àlá burúkú bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní ìbúra náà ti ń jà. Ọgbẹ́ ọkàn ló ń ṣe wọ́n, àmọ́ ìbúra ni wọ́n ń rí.

Èmi kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé ìbúra ò lágbára. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé ní oṣù kẹta ọdún 2018, Ọba Ewuare Kejì ti ìlú Bìní pe àwọn olórí ojúbọ jọ, ó tú gbogbo irú ìbúra bẹ́ẹ̀ ká, ó sì fi àwọn tó ń fi mú ọmọbìnrin gégùn-ún. Ẹni tó jẹ́ pé ojúbọ ilẹ̀ Yorùbá ló ti búra, kó wá àgbà tó bọ̀wọ̀ fún nínú ẹ̀sìn rẹ̀, pásítọ̀, àlùfáà tàbí babaláwo, kó bá a tú u. Ìyẹn ò dí ìtọ́jú lọ́wọ́. Kí ẹ sì fi tó NAPTIP, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń gbógun ti kíkó èèyàn ṣòwò ẹrú, létí, torí ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó mú yín búra ni, kì í ṣe tiyín.

Ṣé ká gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì tàbí àlùfáà?

Bí ìgbàgbọ́ bá jẹ́ ti ara rẹ̀, àdúrà ń ran èèyàn lọ́wọ́. Mo ti rí i, mi ò ní sẹ́ ẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro ní 1954 pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá ṣiṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, ó sì jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé abúlé tòsí ilé ìwòsàn pẹ̀lú ẹbí wọn. Gbogbo ayé wá kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀.

Ibi tí mo ti kọ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de èèyàn, tí wọ́n ń fi pàṣán lé ẹ̀mí jáde, tí wọ́n ń fi ebi pa á ní orúkọ ààwẹ̀. Ẹ rò ó: ẹni tí wọ́n ti dè rí, tí wọ́n ti nà rí, tí wọ́n ti febi pa rí ni o. Ẹ ti dá a padà sí Líbíà nìyẹn. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ààrẹ bu ọwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun dípò òfin ìgbà àwọn òyìnbó amúnisìn, ó sì ka ẹ̀tọ́ aláìsàn sílẹ̀.

Wọ́n fipá bá mi lò pọ̀. Mi ò lè sọ ọ́ fún ọkọ mi.

Kò pọn dandan kí ẹ sọ ọ́ fún un kẹ́ ẹ tó gba ìtọ́jú. Nọ́ọ̀sì tàbí dókítà kò gbọdọ̀ gbé e jáde. Ẹ ṣe àyẹ̀wò HIV, àrùn ẹ̀dọ̀ (hepatitis) àti àtọ̀sí, ó ti pẹ́ ni o, kò pẹ́ ni o. Oògùn tó ń dènà HIV gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, àmọ́ ẹni tó bá ti kọjá ìyẹn ṣì ní ìtọ́jú.

Ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin náà, ní gẹ́tò àti ní ẹ̀wọ̀n. Wọn kì í sọ ọ́. Bí ọkùnrin kan bá sọ ọ́ fún yín, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má bi í pé kí ló dé tí kò jà.

Obìnrin tó bá gbé oyún tàbí ọmọ dé, ẹ fún ọmọ náà lórúkọ bí ẹ ṣe ń fún ọmọ yòókù. Ẹ má pè é ní "ọmọ Líbíà".

Ìtọ́jú wo ló wà? Ṣé oògùn ni?

Ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú ẹni tó kọ́ṣẹ́ ni àkọ́kọ́. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tí wọ́n ń fi okùn ṣe. A óò tẹ́ okùn gígùn kan sílẹ̀: ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni ọjọ́ ìbí, apá ibi tí a ká jọ ni ọjọ́ iwájú. Aláìsàn á máa to òdòdó sí ibi ayọ̀ àti òkúta sí ibi ìbànújẹ́. Ọkùnrin kan to òkúta méje sí ibi kan náà, ó dúró, ó wò ó, ó ní, "Ọdún méjì péré ni gbogbo èyí?" Kò tíì rí i rí pé okùn náà gùn ju Líbíà lọ. Lẹ́yìn náà la wá ń mú òkúta kọ̀ọ̀kan, tá a ń sọ ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí á fi di ohun tó ti kọjá. Wọ́n ti dán ìtọ́jú yìí wò láàárín àwọn ogunléndé Sudan, Rwanda àti Sòmálíà ní Uganda, ó ṣiṣẹ́, àní nígbà tó jẹ́ pé àwọn ogunléndé fúnra wọn ni wọ́n kọ́ láti ṣe é.

Oògùn wà fún ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì tàbí ìpayà rẹ̀ bá le, irú bíi sertraline. Ó ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́, ẹ má jù ú sílẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún. Ẹ má dá ra oògùn oorun ní kẹ́mísì.

Ibo la lè lọ ní ilẹ̀ Yorùbá?

Aro l'Abẹ́òkúta, ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá, UCH n'Íbàdàn, LUTH l'Ékòó àti ilé ìwòsàn yunifásítì Ifẹ̀ ní ẹ̀ka rẹ̀. Bó bá jìnnà, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ibùdó ìlera tó wà nítòsí kí wọ́n kọ̀wé fún yín. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112.

Mi ò níwèé nílùú ọba. Bí mo bá lọ sọ́dọ̀ dókítà, ṣé wọn ò ní fi mí sùn?

Ní England, ẹnikẹ́ni lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, dókítà àdúgbò, láìsan kọ́bọ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ tìtorí pé ẹ ò ní páálí tàbí àdírẹ́sì lé yín padà. Ẹ lè béèrè ògbufọ̀ Yorùbá lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín ṣe ògbufọ̀ fún irú ọ̀rọ̀ yìí.

Ilé ìwòsàn ńlá ló yàtọ̀. Ẹni tó ti béèrè ibi ìsádi tí wọ́n ṣì ń wo ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í san, ẹni tí wọ́n gbà pé wọ́n kó ṣòwò ẹrú kì í san, bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́jú ohun tí ìfìyàjẹni tàbí ìfipábánilòpọ̀ fà. Ẹni tí kò bá sí nínú wọn lè rí ìwé owó gbà, bí gbèsè náà bá sì tó £500 tó kọjá oṣù méjì, wọ́n lè sọ fún Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ aṣíkiri. Ẹ bi agbẹjọ́rò tàbí àjọ tó ń ṣojú aṣíkiri kó tó di ìyẹn. Lóru tí nǹkan bá le, ẹ pe 111 kí ẹ tẹ 2, tàbí kí ẹ pe Samaritans, àjọ tó ń gbọ́ ìdààmú ọkàn èèyàn lórí fóònù, ní 116 123.

Ìtàn tí mo sọ fún Home Office lẹ́ẹ̀kejì ò bá ti àkọ́kọ́ mu. Wọ́n ní irọ́ ni mo pa.

Ó dùn mí bí ìbéèrè yìí ṣe pọ̀ tó. Ìrántí ìyà kì í tò bí ìlà ìwé. Ẹni tí wọ́n na lè rántí àwọ̀ ọ̀dà ara ògiri kó má rántí oṣù. Ní 2002, ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BMJ, gbé ìwádìí jáde nípa àwọn ogunléndé Kosovo àti Bosnia tó ti gba ìwé ìgbélùú, tí kò sí ìdí fún wọn láti purọ́. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ìtàn wọn yàtọ̀ níbì kan tàbí òmíràn.

Ẹ sọ fún agbẹjọ́rò yín pé ẹ kì í sùn, pé ọjọ́ ń dàrú mọ́ yín lójú, kó tó di ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ó lè béèrè ìwé dókítà. Àjọ Freedom from Torture àti Helen Bamber Foundation tó ń ran àwọn tí wọ́n fìyà jẹ lọ́wọ́ ń kọ irú ẹ̀. Ẹ lè ní obìnrin lẹ fẹ́ kó bi yín ní ìbéèrè, kí ẹ sì béèrè ìsinmi. Ọjọ́ tí kò bá dá yín lójú, ẹ sọ pé kò dá yín lójú. Ẹ má mú ọjọ́ kan kí inú ẹni tó ń bèèrè lè dùn.

Ṣé wọ́n lè gbé mi wọ ilé ìwòsàn ọpọlọ tipátipá nílùú ọba?

Ní England, wọ́n lè ṣe é lábẹ́ òfin ìlera ọpọlọ ti 1983: ọjọ́ 28 láti yẹ̀ yín wò, tàbí títí dé oṣù mẹ́fà láti tọ́jú yín. Wọ́n sì ń ṣe é fún àwa èèyàn dúdú ní ìlọ́po tó ju mẹ́ta lọ sí àwọn òyìnbó. Mi ò ní fi pamọ́, torí òun ló ń lé ọ̀pọ̀ nínú wa sá fún dókítà, títí tó fi jẹ́ pé ọlọ́pàá ló máa ń gbé wọn lọ. Ẹni tó tètè lọ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni kì í sábà dé ibẹ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ ní ẹ̀tọ́ sí agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ láti pe ẹjọ́ rẹ̀.

Ó ní ó wu òun kí òun ti kú síbẹ̀. Kí la máa ṣe?

Ẹ bi í ní tààrà: "Ṣé ò ń rò ó láti pa ara rẹ?" Bíbèèrè kì í fi èrò náà sí i lọ́kàn, ìtura ló máa ń bá wọn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ bi í pé ọ̀nà wo ló ń rò, kí ẹ sì kó nǹkan náà kúrò nílé: oògùn kòkòrò, oògùn tó pọ̀, okùn. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀ lóru náà. Ẹ gbé e lọ síbi ìtọ́jú pàjáwìrì. Òfin Nàìjíríà tó ń ka ìgbìyànjú láti pa ara ẹni sí ẹ̀ṣẹ̀ ti mú kí ọ̀pọ̀ ẹbí fi bò mọ́lẹ̀ títí ó fi bọ́ sórí. Ẹ má torí ìtìjú gbé e pamọ́.

Ó tún ní òun fẹ́ padà lọ. Ṣé ká dè é mọ́lẹ̀?

Ẹ má dè é, ẹ má sì bú u. Ó lè jọ ìwà wèrè lójú yín, àmọ́ ẹ wò ó láti ibi tó wà: níbí, gbogbo ìgbà tó bá jáde ló ń pàdé ẹni tó yá ìyá rẹ̀ lówó. Ẹ jókòó tì í, ẹ kọ iye gbèsè náà sílẹ̀, ẹ jọ lọ bá àwọn tí ẹ jẹ lówó kí ẹ bẹ̀ wọ́n fún ìgbà. Ẹ bi í pé ṣé ó ń sùn. Mo ti rí ẹni méjì tí wọ́n ti di ẹrù, tó jẹ́ pé lẹ́yìn tí oorun padà ni wọ́n tú u.

Bó bá tún lọ ṣá, ẹ má gé e kúrò. Ẹ jẹ́ kó há nọ́ńbà ilé kan sórí kó tó jáde, torí fóònù ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà lọ́wọ́ wọn.